Ta Ló Ń Dáhùn fún Dúrótoyè?

Ajé, 5 Ṣẹ́rẹ́ 2026

Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn kafé láàárọ̀ yìí, èrò ti kún iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà owó orí. Gbogbo Odòde Ìdànrè fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan ló lọ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá pé báńkì yóò ti àkáǹtì ẹni tí kò bá ní in. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ: wọ́n ní láti ọdún yìí, NIN tí kálukú ti ní náà ni yóò máa dúró fún nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣòwò ló tún máa forúkọ òwò sílẹ̀. Wọ́n gbọ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n tún padà sórí ìlà.

Prosper ọlọ́kadà ní kí n bá òun mú nọ́ńbà tó máa jẹ. Mo ní owó orí ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ó ní kí n ṣáà gbìyànjú.

Àlejò — nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa nìyẹn, torí ó kàn máa ń yà kí wa ni — dé lọ́sàn-án, ó sì lọ láì dágbére.

Ìṣẹ́gun, 6 Ṣẹ́rẹ́

Mo fẹ́ kọ tòní dáadáa. Mo rí èèyàn lónìí.

Obìnrin kan wá láti abà wa — abà Dúrótoyè, lọ́nà Ofosu, níbi tí bàbá bàbá mi dá oko kòkó sí. Mo mọ ojú rẹ̀ tipẹ́, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Hàfsátù. Opó Babárìndé. Láti Ìgbòho ni bàbá ọkọ rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ oko fún wa láyé ọjọ́un, kò sì padà mọ́. Mẹ́ta là ń pín kòkó sí pẹ̀lú wọn: wọ́n á mú ìdá kan, àwa á mú méjì. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ "Àǹtí" ló ń pè mí, nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni mí. Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Àǹtí."

Ọṣẹ dúdú ló gbé wá nínú apẹ̀rẹ̀. Èèpo kòkó ló fi ṣe é! Èèpo tí gbogbo wa ń dà sídìí igi kó máa jẹrà. Ó ń kó o jọ, ó ń sá a, ó ń jó o di eérú, ó ń sẹ́ omi eérú náà, ó sì ń fi àdín sè é títí yóò fi dì. A ń pín kòkó pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, kò sẹ́nì kankan tó rántí pín èèpo. Ibi tí ojú gbogbo wa fò ni òun ti rí òwò. Orí mi wú.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Àkúrẹ́ ti fi ọṣẹ náà wẹ̀, wọ́n fẹ́ máa gbà á. Àmọ́ wọ́n ní kó mú orúkọ òwò àti nọ́ńbà owó orí wá kó tó di òpin oṣù yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ẹlòmíì ni wọ́n máa kó sórí pákó. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ìjọba á máa wo ọwọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn tó wà lórí ìlà, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń sá fún. Ó ní, "Èmi ò sá o. Látìgbà tí mo ti wà lábà, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Kí wọ́n wá bi mí."

Kò-Sí-Wàhálà ni mo máa máa pè é nínú ìwé yìí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu nìyí. Mo tẹ NIN rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ tó jáde: DUROTOYE HAFSATU. Orúkọ bàbá bàbá mi! Mo ní báwo? Ó ní nígbà tí àwọn tó ń ṣe NIN dé abà, wọ́n béèrè orúkọ ìdílé, gbogbo abà sì pe Dúrótoyè. Wọ́n ti kọ ti ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé ìwé. Ẹni tó bá ń gbé abà, orúkọ ẹni tó ni abà ló ń jẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi tutù.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ṣẹ́rẹ́

Àlejò ò wá. Èrò ń bínú sí mi bíi pé èmi ni mo bí i.

Àbámẹ́ta, 10 Ṣẹ́rẹ́

Fọláyan dé láti Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń rí wa. Ó fi ọṣẹ Kò-Sí-Wàhálà wẹ̀, ó ń gbóòórùn apá ara rẹ̀ kiri ilé bí ọmọdé. Ọkọ mi tí kì í yin nǹkan! Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, náà gba tiẹ̀. Ó ní bí ọṣẹ ìyá òun ṣe máa ń rí nìyẹn.

Kò-Sí-Wàhálà wá mú orúkọ òwò. Mo ti kọ àwọn tó dùn létí kalẹ̀ fún un, èyí tí àwọn ọmọ Lékì á fẹ́ràn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní Ọṣẹ Dúrótoyè. Orúkọ tí nọ́ńbà òun ń jẹ́ nìyẹn, kí ni òun á tún máa wá òmíràn ṣe?

Ọjọ́rú, 14 Ṣẹ́rẹ́

Ó jáde! Orúkọ òwò, nọ́ńbà owó orí ti òwò náà, gbogbo rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ Prosper, ó dé pẹ̀lú eérú lára aṣọ, kò tilẹ̀ dúró wẹ̀. Ó ní kí n ka nọ́ńbà náà sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó sì kà á padà fún mi láìṣì, bí ẹni ń kéú. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí owó orí rí láyé mi. Èmi gan-an fẹ́ lọ san nǹkan.

A tẹ bébà tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ara ọṣẹ. Mo lẹ àkọ́kọ́ mọ́ ògiri kafé.

Ẹtì, 16 Ṣẹ́rẹ́

Ì bá dára ká ní mi ò lẹ nǹkan kan mọ́ ògiri.

Aago Mẹ́jọ dé. Àbúrò bàbá mi ni, Matthias, Dádì Àkúrẹ́ lẹ́nu gbogbo wa. Èmi nìkan ló mọ Aago Mẹ́jọ, nítorí kò sí ibi tó ń lọ tí kì í dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ì báà jẹ́ ìsìnkú ọ̀sán. Pírínsípà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọmọ tó kọ́ ní Àkúrẹ́ ló mọ̀ ọ́n sí Mr. Ignatius, àyà wọn sì máa ń já títí dòní. Látìgbà tí bàbá mi, Augustine, ti kú, òun ni olórí ẹbí.

Ó ka ohun tó wà lára ògiri. Ó tún un kà. Ó ní ta ni Dúrótoyè yìí? Mo ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lórí ìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Àlejò abà! Kó gba orúkọ wa lọ́wọ́ ìjọba! Lọ́la á ní ọmọ ilé ni òun, lọ́tùn-únla á gbé wa lọ sí kóòtù lórí oko. Ó ní kí n sọ fún obìnrin náà kó bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀. Tó bá fi gbé ọṣẹ lọ sí Àkúrẹ́, kó wá ibòmíì gbé.

Mi ò fẹ́ pè é ní èèyàn burúkú. A mọ àwọn tí oko bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní kóòtù nílùú yìí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ mi ò yọ bébà náà kúrò lára ògiri.

Àìkú, 18 Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́yìn ìsìn mo ní kí Prosper gbé mi lọ sí abà. Eruku, òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ń kọrin lọ, èmi ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Kò-Sí-Wàhálà ń yí èèpo tó sá padà nígbà tí mo dé. Ìkòkò ọṣẹ méjì wà lórí iná. Abà náà mọ́ ju kafé mi lọ. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn, ni ibojì Babárìndé, ọkọ rẹ̀, wà, wọ́n to òkúta yí i ká. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí Aago Mẹ́jọ ṣe sọ ọ́: kó bọ́ orúkọ sílẹ̀ tàbí kó kúrò.

Mo ń dúró kó ní kò sí wàhálà. Kò sọ ọ́. Ó lọ wo iná rẹ̀, ó tì í, ó padà wá. Ó béèrè bóyá ọjọ́ wà tí ẹbí máa ń jókòó. Mo ní Àìkú tó ń bọ̀. Ó ní kí n sọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló bu iṣu fún mi. Mo jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu mi, kì í ṣe ẹ̀bi iṣu.

Ìṣẹ́gun, 20 Ṣẹ́rẹ́

Mo wádìí bí èèyàn ṣe ń yí orúkọ padà. Kóòtù láti búra, ìwé ìròyìn láti kéde, NIN, báńkì, kí òwò tó wá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, oṣù á ti parí kó tó dé ìdajì. Ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ ò ní dúró. Nítorí náà ọ̀nà méjì péré ló ní: kó pàdánù òwò, tàbí kó pàdánù ilé.

Mo pe Aago Mẹ́jọ láti ṣàlàyé èyí. Ó ní, "Tẹni, ṣé èmi ni mo rán an?"

Àìkú, 25 Ṣẹ́rẹ́

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Pálọ̀ kún. Aago Mẹ́jọ wà lórí àga Bàbá Àgbà, bàbá rẹ̀ tó ti kú, àga onígi gíga tó dojú kọ ilẹ̀kùn. Kò-Sí-Wàhálà wọlé dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ará abà kì í jókòó sórí àga ní pálọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, mi ò sì rí i bí nǹkan kan títí di òní.

Àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé fún kíláàsì. Orúkọ, ilẹ̀, òfin. Ó parí, ó ní kó fèsì.

Kò-Sí-Wàhálà kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ó ní: "Bàbá, mi ò fẹ́ ilẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mo máa tẹ ìka sí i níṣojú gbogbo yín pé mi ò ní oko kankan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi sọ orúkọ tí ẹ fẹ́ kí n lọ jẹ́. Èyí tí bàbá ọkọ mi gbé bọ̀ láti Ìgbòho, òun fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Dúrótoyè yìí la fi sin ọkọ mi. Òun làwọn ọmọ mi ń jẹ́ níléèwé. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mò ń gbé ọṣẹ lọ sí Àkúrẹ́. Iwájú ilé yìí náà ni mo máa gbà kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ máa rí mi."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti sunkún. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Ariwo sọ. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ìgbà náà ni Màmá Àgbà na ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, a máa ń rò pé ó ń tòògbé. Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, mo kàn ń kọ ọ́ ní tèmi.

Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, àwọn agbowó orí máa ń kó ọlọ́pàá wọ inú oko kòkó. Àlejò tí wọn ò bá bá ìwé owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á so ó bí ewúrẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ. Bàbá ọkọ Hàfsátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìgbòho nígbà náà, inú igbó ló ń sùn nítorí ìbẹ̀rù. Bàbá Àgbà ní kó jáde. Ó san owó orí gbogbo ará abà, ó ní ọmọ òun ni gbogbo wọn, kí wọ́n máa jẹ́ Dúrótoyè. Láti ìgbà náà, bí àwọn agbowó orí bá dé, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, wọ́n á pariwo pé, "Ta ló ń dáhùn fún Dúrótoyè?" Bàbá Àgbà á jáde, á ní, "Èmi ni." Wọ́n á sì yà kúrò.

Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Matthias, orúkọ tí bàbá rẹ fi bò wọ́n nítorí owó orí, ṣé nítorí owó orí náà ni ìwọ fẹ́ fi ṣí aṣọ lára wọn?"

Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gbé pẹ̀lú obìnrin yìí, mi ò sì bi í.

Aago Mẹ́jọ ò gbó o lẹ́nu. Ó kàn ní ayé ìgbà yẹn yàtọ̀, kò sí lọ́yà nínú igbó nígbà náà. Ó ní ohun tí òun sọ, òun ti sọ ọ́. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́

Aago Mẹ́jọ ò pe fóònù. Màmá Àgbà náà ò jẹun dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 29 Ṣẹ́rẹ́

Aago mẹ́jọ géérégé. Òun ni.

Mo rò pé ìjà ló bá wá. Rárá. Báńkì ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, wọ́n fẹ́ nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Ó ní ilé tó fi ń háyà ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dà á láàmú. Ó jókòó síwájú mi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Àlejò wà nílé lónìí, ọpẹ́ ni. Mo tẹ NIN rẹ̀.

IGNATIUS MATTHIAS.

Ó sún mọ́ ọn. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Dúrótoyè dà?"

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, Dádì."

Ó wá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ sílé ìwé Fada, wọ́n béèrè pé ọmọ ta ni, wọ́n ní ọmọ Ignatius, orúkọ ìrìbọmi Bàbá Àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Fada ṣe kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ bàbá mi. Sáṣífíkéètì, iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, Ignatius ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, Ignatius ni wọ́n. Ó ní kí n yọ tèmi wò. Mi ò fẹ́ yọ ọ́, mo yọ ọ́. FOLAYAN TENIOLA. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi lọ yí i padà lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó.

A ka gbogbo ilé lórí ìka, ẹbí Àkúrẹ́, ẹbí Èkó. Àwọn obìnrin ti gba ti ọkọ. Àwọn ọkùnrin ń jẹ́ Ignatius. Kò sí ọ̀kan tó ń jẹ́ Dúrótoyè.

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọrùn fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo bébà ọṣẹ tó wà lára ògiri. Mo káàánú rẹ̀, mo sì káàánú ara mi. Ó san owó mi, ó kọ̀ láti gba ṣéńjì, ó lọ.

Ẹtì, 30 Ṣẹ́rẹ́

Prosper ní Kò-Sí-Wàhálà ti di ẹrù ọṣẹ rẹ̀ tán. Ó di ti abà náà sọ́tọ̀: ìkòkò, ẹní, aṣọ àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa lé òun, ó ní kí wọ́n bá òun ní ìmúra. Obìnrin yìí!

Àbámẹ́ta, 31 Ṣẹ́rẹ́

Láti aago mẹ́jọ ni àbúrò bàbá mi ti wà lórí àga Bàbá Àgbà. Mo bu ẹ̀kọ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Màmá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni gbogbo wa ń wò.

A gbọ́ ọ̀kadà Prosper kó tó yọ. Páálí ọṣẹ ga lẹ́yìn rẹ̀, Kò-Sí-Wàhálà sì há sáàárín ẹrù àti Prosper. Ó ti wọ aṣọ àdìrẹ, kò sí eérú lára rẹ̀ lónìí. Ì bá kọjá lọ tààrà. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó mú ọṣẹ kan jáde pẹ̀lú bébà rẹ̀ lára, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá Àgbà ni òun wá fún ní àkọ́kọ́ kí òun tó gbé ìyókù lọ sọ́jà. Kò wo ẹni tó wà lórí àga. Èmi ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Màmá Àgbà gba ọṣẹ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú bébà náà bí ẹni fẹ́ kà á. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. Ó sì fi ohùn àwọn agbowó orí ìjọ́sí pariwo, ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó kù nínú rẹ̀:

"Ta ló ń dáhùn fún Dúrótoyè?"

Mo fẹ́ dáhùn. Kí ni mo fẹ́ wí? Fọláyan ni mí.

Àbúrò bàbá mi tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

"Hàfsátù ni, Ìyá," ó ní. "Òun nìkan ló kù."

Màmá Àgbà ní, "Ẹ wá fún un ní àga."

Mo dìde láti lọ gbé ọ̀kan wá, àmọ́ àbúrò bàbá mi ti dìde ṣáájú mi. Ó kúrò lórí àga Bàbá Àgbà, ó fi ọwọ́ nu ibi tó jókòó sí, ó ní kó wọlé. Kò-Sí-Wàhálà wò mí. Mo mi orí. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó rìn wọ inú pálọ̀ wa, ó sì jókòó. Àga náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa.

Prosper ń tẹ fèrè ọ̀kadà níta pé Àkúrẹ́ jìnnà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.